Ẹ má súfèé sí ajá náà mọ́

Ìbéèrè: «Mo fẹ́ràn láti máa ya ajá lójú títì, dúdú àti funfun ni mo sì máa ń fẹ́ kí fọ́tò náà jẹ́. Tí mo bá rí ajá tí ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, màá súfèé sí i kó lè wo kámẹ́rà. Ó máa ń wò mí lóòótọ́. Àmọ́ tí mo bá délé, ojú rẹ̀ á ti di ihò dúdú méjì, ara rẹ̀ á ti wọnú ilẹ̀ tó dúró sí, gbogbo ajá tí mo yà á wá jọ ara wọn. Kámẹ́rà mi kì í ṣe yẹpẹrẹ, lẹ́ńsì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra ni mo ń lò. Ṣé kí n ra òmíràn ni, àbí kí n kúkú padà sí fọ́tò aláwọ̀?»

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ra ohunkóhun, ẹ má sì tíì padà sí fọ́tò aláwọ̀. Ìsúfèé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, torí òun ló ń ba fọ́tò náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan kámẹ́rà rárá. Ojú tó ṣókùnkùn àti ara tó wọnú ilẹ̀ ní àtúnṣe tiwọn, a máa débẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ajá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́ òpó, ẹni tó ni ín ti wọlé. Ọrùn rẹ̀ nà sí ẹnu ọ̀nà, etí rẹ̀ méjèèjì kọ síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan kúrò nílẹ̀ díẹ̀, okùn náà sì le tantan nítorí pé ó ti rìn débi tí okùn gbà á mọ. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń retí ẹnì kan. Ohun tó mú yín dúró nìyẹn. Ẹ wá súfèé. Orí yí sí yín, etí yí, ẹnu tó là díẹ̀ pa dé, ẹsẹ̀ tó wà lókè padà sílẹ̀, okùn dẹ̀. Ìrètí ti lọ. Ajá tó kù níwájú yín ń béèrè pé ta nìyí, ojú kan náà ni gbogbo ajá sì fi ń béèrè ìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo fọ́tò yín fi jọra.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti ajá tún wà ní ìrù, ní etí, ní ẹ̀yìn, àti ní bó ṣe pín ìwúwo ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ẹ̀rù ń bà á fara sẹ́yìn, á ká ìrù sábẹ́ ikùn, á tẹ etí mọ́ orí. Èyí tó fẹ́ ṣeré á na ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀, á gbé ìdí sókè. Èyí tó ń ṣọ́ nǹkan á dúró gbagidi, ẹnu á pa dé, ara á wà lórí ẹsẹ̀ iwájú. Tí ẹ bá fi lẹ́ńsì gé gbogbo èyí dànù, tí ẹ fi orí nìkan sílẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kó sọ fún ẹni tó ń wo fọ́tò? Ohun kejì tí ẹ tún ń gé dànù ló dùn mí jù: ẹni tó wà ní ìkángun okùn kejì. Ìṣesí ajá kì í sábà dá dúró. Ó ní ẹnì kan tàbí ohun kan tó ń ṣe é sí, tí ohun náà kò bá sí nínú fọ́tò, tí kò sì sí àmì rẹ̀ kankan, ìṣesí náà á di ohun tí ẹ nìkan mọ̀ torí pé ẹ wà níbẹ̀.

Ayàwòrán Elliott Erwitt, tó wọ Magnum, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán, ní 1953, tó sì kú ní 2023 lẹ́ni ọdún 95, ló mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti 1946 ló ti ń ya ajá ìgboro. Nínú fọ́tò kan tó yà ní New York ní 1974, ajá kékeré kan wọ ẹ̀wù, ó dé fìlà onírun, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó wọ bàtà gígùn. Obìnrin náà kò ní orí nínú fọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ méjì míì tún wà, ó gùn gbọọrọ, ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ajá ńlá kan ni. Kámẹ́rà wà nílẹ̀, ní ìwọ̀n ajá kékeré náà. Ẹ fi ọwọ́ bo àwọn ẹsẹ̀ yẹn, ẹ wá wo ajá náà lóun nìkan: ajá tó dé fìlà lásán ni. Ẹ ṣí ọwọ́ kúrò, ó di ẹni tó ń gbé láàárín àwọn òmìrán. Kò sí ohun tó yí padà lójú rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé Erwitt pàápàá máa ń gbó bí ajá, pé ó máa ń fun fèrè ọwọ́ kékeré sí wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá yàtọ̀ sí ti ìsúfèé yín. Ó ń wá kí gbogbo ara ajá dáhùn, kó fò, kó ta gìrì, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni tó mú un dání ṣì wà nínú fọ́tò. Ẹ̀yin ń wá kó dákẹ́, kó wò yín.

Mi ò sì sọ pé ajá kò gbọ́dọ̀ wo kámẹ́rà o. Ajá tí ayàwòrán Daido Moriyama yà ní Misawa ní Japan ní 1971 ń wo ojú wa tààrà, fọ́tò ajá tó lágbára jù lọ lójú tèmi sì ni. Ara rẹ̀ kọ sí apá kan, orí rẹ̀ yí padà sí wa, irun rẹ̀ rí játijàti, òkùnkùn pọ̀ lára rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán nínú òkùnkùn náà. Ojú tí ajá fúnra rẹ̀ gbé wá nìyẹn, nítorí ohun tó ti ń ṣe kí ayàwòrán tó dé kò tíì kúrò lára rẹ̀: ara ń lọ, ojú ń bọ̀. Ojú tí ẹ fi ìsúfèé pè kì í ní ìyẹn. Tí ajá bá fúnra rẹ̀ gbójú sókè wò yín nígbà tí ẹ ti wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ yà á, ẹ má jáfara.

Ó kù díẹ̀ nípa ojú, torí pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan tí Juliane Kaminski ṣáájú wọn fi hàn pé ajá ní iṣan kékeré kan lókè ojú, níbi tó sún mọ́ imú, tó ń gbé òkè ojú náà sókè. Ìkookò, tí òun àti ajá jọ ti orísun kan náà wá, kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ìwọ̀nba fọ́nrán díẹ̀ ló wà níbẹ̀ lára tirẹ̀. Iṣan yìí ló ń mú kí ojú ajá fẹ̀ lójijì, kó dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ní 2017, Kaminski àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi ajá 24 ṣe àyẹ̀wò míì: ajá máa ń ṣe ojú púpọ̀ sí i nígbà tí ènìyàn bá kọjú sí i ju ìgbà tí ó bá kọ̀yìn sí i lọ. Oúnjẹ tí wọ́n gbé dání kò fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún iṣẹ́ wa. Àkọ́kọ́, ẹ gbàgbé oúnjẹ. Ajá tó ń wo oúnjẹ máa wo oúnjẹ ni. Èkejì, ẹni tó mú ajá dání ni kí ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe ajá. Tí wọ́n bá jọ dúró dé iná ojú títì, ẹni náà á máa wo iwájú, ajá á máa wo òkè, kò tíì sí nǹkan kan. Nígbà tí ẹni náà bá wá wolẹ̀, tó tẹ̀ ba, tó sọ ọ̀rọ̀ kan sí ajá náà, ibẹ̀ gan-an ni òkè ojú yẹn máa gbéra. Kì í pẹ́ rárá. Tí ẹ bá ti múra kámẹ́rà sílẹ̀ kí ẹni náà tó tẹ̀ ba, ẹ máa rí i. Tí ẹ bá dúró kí ojú ajá yí padà kí ẹ tó gbé e, ó ti kọjá. Ẹ̀kẹta jẹ́ èrò tèmi: kámẹ́rà tó bo ojú yín mọ́lẹ̀ ń mú kí ajá máa wo ẹni tí kò lójú. Ẹ gbé e wá sí orúnkún, kí ojú tiyín ṣí sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ara máa ń tu ajá ju tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan mọ́ra ń gé ẹni tó ni ajá kúrò, ó ń jẹ́ kí ẹ jìnnà, ó sì ń fi yín sí ipò ẹni tó ń wo ajá láti òkè. Ẹ lo lẹ́ńsì 35mm, tàbí 28mm tó ń gba ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí èrò bá pọ̀. Tí lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà yín wá bá ní nọ́ńbà yìí, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ tẹ̀ ba tàbí kí ẹ kúnlẹ̀. Tí kámẹ́rà yín bá ní ojú ìwòran tó ṣeé ṣí sókè lẹ́yìn, ẹ ṣí i, kí ẹ máa wò ó látòkè nígbà tí lẹ́ńsì wà níwájú ajá. Ìwọ̀n ojú ajá ni lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ wà, nígbà míì kó tiẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, kí orí ajá lè bọ́ sókè sójú sánmà, kó má wà lórí títì. Ajá tí a yà látòkè máa ń dà bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé sílẹ̀.

Ẹ má fi fókọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún kámẹ́rà bí ajá bá ń sáré kiri láàárín ẹsẹ̀ èèyàn. Ìdí bàtà ẹlòmíràn ló máa mú. Lórí kámẹ́rà tí fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35mm, tí ẹ bá lo lẹ́ńsì 35mm ní f/8 (ìwọ̀n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé), tí ẹ sì ti fókọ́ọ̀sì sí mítà 2, gbogbo ohun tó wà láti nǹkan bíi mítà 1.4 sí mítà 3.3 ló máa mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ fi ẹsẹ̀ kọ́ ìwọ̀n mítà 2, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n láì wọ̀n ọ́n. Ní ti bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì pa dé, fún ajá tó ń rìn, 1/250 ìṣẹ́jú àáyá tó. Fún èyí tó ń fò, 1/1000. Ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, lọ sókè tó bá fẹ́ lọ. Fọ́tò tó rí játijàti kò tíì pa ajá kankan lára, ẹ ti gbọ́ nípa ti Misawa.

Ó wá kan ihò dúdú méjì yẹn. Ojú ọ̀pọ̀ ajá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tó dúdú, tí ẹ bá sì yọ àwọ̀ kúrò, kò sí ohun tó ya ẹyinjú sọ́tọ̀ kúrò lára irun tó yí i ká, àyàfi ìmọ́lẹ̀ tó bá tàn padà látinú rẹ̀. Àmì funfun bíńtín yẹn ló ń mú kí ojú yè. Níbo ló ti ń wá? Láti sánmà. Ajá tó wolẹ̀ lábẹ́ òrùlé kò lè ní in. Ajá kan náà, tó bá gbójú sókè wo ẹni tó ni ín níbi tí ojú sánmà ti ṣí sílẹ̀, á ní in nínú ojú méjèèjì. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run dára fún iṣẹ́ yìí ju ọ̀sán gangan tí oòrùn wà lókè orí, tí òjìji iwájú orí ń bo ojú mọ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn nínú tó sì kọjú sí títì tó mọ́lẹ̀ dára púpọ̀: ajá jókòó níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ títì wọ ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo fíláàṣì. Ẹ̀yìn ẹyinjú ajá ní awọ kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tí fíláàṣì bá sì bà á, ojú rẹ̀ á tàn yòò bí àwo funfun. Ẹ pa iná kékeré tí kámẹ́rà fi ń wá fókọ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Ara tó wọnú ilẹ̀ ni ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó jáwọ́ nínú dúdú àti funfun láìnídìí. Ẹ mú ajá tó pupa rúsúrúsú lórí koríko tútù. Ní àwọ̀, kò sẹ́ni tí kò ní rí i. Ẹ yọ àwọ̀ kúrò, àwọ̀ eérú kan náà ni ajá àti koríko, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara àwọn méjèèjì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó ń lo fíìmù á fi fílítà aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa síwájú lẹ́ńsì: ajá á mọ́lẹ̀ sí i, koríko á dúdú. Lórí kọ̀ǹpútà, irú fílítà yìí wà nínú ibi tí ẹ ti ń sọ fọ́tò di dúdú àti funfun, níbi tí wọ́n ti to àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé àwọ̀ ọsàn sókè, kí ẹ fa àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè wá sílẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè ni èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù nínú koríko. Fún ìdí èyí, RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn) ni kí ẹ máa fi pa fọ́tò mọ́, kí gbogbo àwọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣètò kámẹ́rà kó máa fi dúdú àti funfun hàn yín bí ẹ ṣe ń yà á. Ẹ ó tètè kọ́ láti rí ajá tó fẹ́ pòórá, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ kan yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè bọ́ sórí ògiri funfun tàbí títì tí oòrùn ń tàn sí.

Ajá dúdú yàtọ̀. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà rò pé gbogbo ayé jẹ́ àwọ̀ eérú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, torí náà tí ajá dúdú bá kún inú fọ́tò, kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí á fi di eérú. Ẹ yí ibi tí ẹ ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un tàbí dín in kù (+/−) sí −1. Fún ajá funfun, ẹ yí i sí +1, ṣùgbọ́n ẹ máa wo irun rẹ̀ dáadáa, kó má di bébà òfìfo. Tí ajá dúdú bá wà níwájú ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀, ẹ lè gbàgbé ojú rẹ̀ pátápátá. Ní 1987, ayàwòrán Josef Koudelka ya ajá dúdú kan lórí yìnyín nínú ọgbà Sceaux ní ilẹ̀ Faransé. Bí ara rẹ̀ ṣe yọ lórí funfun yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì ń já láyà títí dòní. Ẹ dúró dìgbà tí etí, ẹnu àti ìrù bá yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìkankan má wọnú ara.

Ohun kan wà tí n kò ní fẹ́ kí ẹ fi ṣeré. Ajá tó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmọ́ tó ṣì ń fi igun ojú wò yín, débi tí funfun ojú rẹ̀ yọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, máa ń dára gan-an nínú dúdú àti funfun. Ó ń sọ fún yín pé kí ẹ lọ ni. Èyí tó ń yán lemọ́lemọ́ láìsí oorun lójú rẹ̀, tó ń lá imú láìrí oúnjẹ, tàbí tó dúró gan tí kò mi, ohun kan náà ló ń sọ. Ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa lọ. Pàápàá èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀, torí pé kò ní ibi tó lè sá sí. Bákan náà ni èyí tó ń jẹun àti abiyamọ tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí fọ́tò tó tó kí ẹ fi ìyà jẹ ẹ̀dá kan fún, tó tó kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín gba eyín. Ní ti ẹni tó mú ajá dání, ẹ kan mi orí sí i kí ẹ tó kúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn inú wọn á dùn pé ajá wọn wù yín, wọ́n á sì wolẹ̀ wo ajá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tó jẹ́ ohun tí ẹ ń wá gan-an.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣà wọ́n nílé, ẹ wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní kékeré bí èékánná àtàǹpàkò. Tí ìṣesí ajá bá ṣì hàn ní ìwọ̀n yẹn, ara ló gbé e, ó dára. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ lójú nìkan ló ń hàn, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù pupa lórí koríko tàbí ahọ́n tó pupa ròdòròdò, ẹ jẹ́ kó wà ní aláwọ̀, torí dúdú àti funfun máa jí ọ̀rọ̀ yẹn gbé. Ìyẹn nìkan ni mo gbà kí ẹ padà fún.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àkọlé. Ní 2009, Alexandra Horowitz, onímọ̀ nípa ìṣesí ajá, fi hàn pé ojú tí a máa ń pè ní ti ajá tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bóyá ó ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bá a wí ló máa ń ṣe é, kódà nígbà tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Torí náà, ẹ má kọ «ó kábàámọ̀» tàbí «ó ń ṣọ̀fọ̀» sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ìlú àti ọdún. Tí ẹni tó bá a wí bá wà nínú fọ́tò, tí ìka rẹ̀ nà, tí ajá tẹ etí mọ́ orí níwájú ìka náà, ẹni tó ń wò ó máa mọ̀.